Àlejò àti Ìdun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá àlejò mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tí ilẹ̀ ṣú sí ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì san owó kí ó tó rí yàrá sùn, ó yẹ kí ó wo yàrá náà, kí ó sì wo ibùsùn inú rẹ̀ dáadáa, kí ó tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó máa wá kì í ṣe ejò, kì í sì í ṣe àkeekèé. Kòkòrò kékeré kan ni, tí kò tó hóró ẹ̀wà, tí kò lè fò bí ẹ̀fọn tàbí bí tata, tí ó jẹ́ pé rírìn ni ó ń rìn dé ibi gbogbo tí ó bá dé. Ìdun ni orúkọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Ìjagba kì í gbé ilé. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi gbogbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn kan kì í di ẹrù wọ ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a pè wá ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Abuja ń lọ. Oníṣòwò tí ó fẹ́ ra ọjà ní Benin tàbí ní Èkó ń lọ. Ẹbí tí ó fẹ́ lọ bá àna wọn sin òkú ní Ìbàdàn ń lọ. Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Àkúrẹ́ kò sì lè padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ayé àwọn baba ńlá, ilé ìbátan tàbí ilé ọ̀rẹ́ ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀ sí. Lóde òní, ilé ìtura ni ó ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn lálejò, ńlá àti kékeré, ní àwọn ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, àti lójú ọ̀nà tí ó gba Ifọ̀n kọjá lọ sí Benin.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, àwọn òbí a gbàdúrà fún wọn pé kí wọ́n má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Wọn a tọrọ kí olè má pàdé wọn, kí ọkọ̀ wọn má sì dànù. Àdúrà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń rántí ìdun nínú àdúrà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí olè kò rí gbà, ìdun lè tẹ̀ lé e dé ilé.

Kí a fi ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ó lọ ra ọjà ní ìlú ńlá, ó sùn ní ilé ìtura kan ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì gbé àpò rẹ̀ sí orí bẹ́ẹ̀dì bí gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣe. Ní òwúrọ̀, ó rí àmì pupa mẹ́ta ní apá rẹ̀, ó ní ẹ̀fọn ni. Ó padà sílé, ó gbé àpò náà sí orí ibùsùn àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó lè pín búrẹ́dì fún wọn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà padà sí ilé ìwé tí ó ń gbé, ìdun sì wà ní ojú ibi tí a ti rán àpò rẹ̀. Kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí, gbogbo ọmọ tí ó wà ní yàrá náà ti ń họ ara, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń pè ní ọ̀bùn. Ìyá kò mọ̀, ọmọ kò mọ̀, ẹni tí ó ni ilé ìtura lè má mọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ojú ti ń ti ọmọ náà débi pé kò fẹ́ padà sí ilé ìwé mọ́. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ìdun kò tó ohun tí a ń gbé sí gbangba, kí ó ro ti ọmọ yìí wò.

Ẹni tí yóò ṣọ́ra fún ọ̀tá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀. Oríṣi ìdun méjì ni ó mọ̀ nípa mímu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jù lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe èkíní ní Cimex lectularius, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olótùútù. Wọ́n ń pe èkejì ní Cimex hemipterus, èyí tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru. Ìdun tí ó ti dàgbà gùn tó mìlímítà 5 sí 7. Nígbà tí ebi bá ń pa á, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, ihò tóóró sì tó o láti sá pamọ́ sí. Nígbà tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, ara rẹ̀ a wú, a sì pọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, láti ọjọ́ tí ó ti jáde nínú ẹyin títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Òru ni ó sábà máa ń jáde. Èémí ẹni tí ó sùn àti ooru ara rẹ̀ ni ìdun fi ń mọ ọ̀nà. Láàárín bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó ti mu ẹ̀jẹ̀ tán, ó ti padà sí ibùba rẹ̀, ẹni tí ó ń sùn kò sì tí ì tají. Abo ìdun kan lè yé ẹyin 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà ayé rẹ̀. Ẹyin náà funfun, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí a bá yé e sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin a pa. Ọmọ ìdun a bọ́ awọ ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí ó tó di àgbà, ó sì gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè bọ́ awọ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mu, ó lè fi ebi wà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó kú. Nítorí náà, yàrá tí a tì pa fún oṣù kan kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìdun nítorí pé a tì í pa.

Ohun tí ó ń mú kí àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ ìdun pamọ́ ni èrò pé ilé òtòṣì àti ilé ọ̀bùn nìkan ni ó ń gbé. Irọ́ gbáà ni èrò yìí. Ìdun kì í jẹ ìdọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mu, ẹ̀jẹ̀ olówó kò sì yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tálákà lẹ́nu rẹ̀. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ayé Ọbabìnrin Victoria, òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Henry Mayhew kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ pípa ìdun, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà fún ìdílé ọba pàápàá. Bí ìdun bá lè wọ ibi tí ọba ń sùn, ta ni yóò fi í bú ẹni tí ń gbé yàrá kan? Òtítọ́ ni pé ilé tí ẹrù kún fọ́fọ́, tí ara ògiri rẹ̀ sì ti là, ń fún ìdun ní ibi púpọ̀ láti sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ilé tí ó mọ́ tónítóní pẹ̀lú lè gba ìdun lálejò bí ẹnìkan bá gbé e wọlé.

Ìgbà kan wà tí gbogbo ayé rò pé ìdun ti fẹ́ tán nílẹ̀. Ní ọdún 1939, ọmọ Switzerland kan tí ń jẹ́ Paul Hermann Müller ṣàwárí pé oògùn tí a ń pè ní DDT lágbára gidigidi láti pa kòkòrò, a sì fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1948 nítorí rẹ̀. Wọ́n da DDT sí ibùsùn àti sí ara ògiri ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìdun sì dínkù. Ṣùgbọ́n kí Müller tó gba ẹ̀bùn rẹ̀ pàápàá, ní ọdún 1947, a ti rí ìdun ní Hawaii tí DDT kò pa mọ́. Àwọn tí oògùn kò rí pa ni ó bí ọmọ, àwọn ọmọ náà sì jogún agbára àwọn òbí wọn. Nígbà tí ó ṣe, a rí i pé DDT ń ba ẹyẹ, ẹja àti àwọn ẹ̀dá mìíràn jẹ́, Amẹ́ríkà sì fi òfin dè é ní ọdún 1972. Láti nǹkan bí ọdún 1990 sókè ni ìdun ti tún ń pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Australia, nítorí pé àwọn ènìyàn ń rìnrìn-àjò ju ti ìgbà kan rí lọ, oògùn púpọ̀ kò sì ràn án mọ́. Ní ọdún 2023, ariwo ìdun gba ìlú Paris kan. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù láti jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin àti nínú ilé sinimá, nígbà tí ìlú náà ń múra láti gba àlejò gbogbo ayé fún ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2024.

Bí ó bá rí báyìí ní Paris, kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni ní Ọ̀wọ̀, ní Ifọ̀n tàbí ní Ìjagba nítorí pé a rí ìdun nínú ilé rẹ̀. Ohun tí ó ń tini lójú ni kí onílé ìtura mọ̀ pé ìdun wà nínú yàrá kan, kí ó tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí, kí ó sì tún gba owó lọ́wọ́ àlejò mìíràn ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó ṣe èyí ti ta ìyà fún àlejò rẹ̀.

Kí ni ìpalára tí ìdun ń ṣe gan-an? Ó tọ́ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín, kí a má baà fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Ìdun kò dà bí ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri. Títí di òní, a kò tíì rí ẹ̀rí pé ó ń kó àrùn kankan ran ènìyàn nípa jíjẹ tí ó ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ara a máa yún ènìyàn, a sì máa họ ọ́ títí yóò fi di egbò, egbò náà sì lè kẹ̀. Oorun a dá lójú. Ọmọ tí kò sùn ní òru kò lè ka ìwé ní ọ̀sán, àgbà tí kò sùn kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn kan sì wà tí ìdun lè jẹ tí ara wọn kì í wú rárá, nígbà tí ti ẹlòmíràn kì í wú títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé àmì ara nìkan láti mọ̀ bóyá ìdun wà ní ibùsùn. Ojú ni a fi ń wá a.

Wíwá náà kò ṣòro, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí àlejò bá ti wọ yàrá, kí ó má gbé àpò rẹ̀ sí orí bẹ́ẹ̀dì tàbí sí orí kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ tí ó gbẹ, tàbí orí tábìlì tí ó jìnnà sí ibùsùn, ni ó dára jù fún un. Lẹ́yìn náà, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì tàbí iná fóònù rẹ̀, kí ó ká aṣọ ibùsùn kúrò ní ìgbèrí, kí ó sì wo ojú ibi tí a ti rán fóòmù yíká. Kí ó wo ẹ̀yìn pákó ìgbèrí, oríkèé igi tàbí irin bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ ìrọ̀rí, ojú ìránṣọ àga tí ó súnmọ́ ibùsùn, àti ẹ̀yìn àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri. Àmì mẹ́rin ni kí ó máa wá: ìdun fúnra rẹ̀, awọ tí ọmọ ìdun ti bọ́ sílẹ̀, ẹyin funfun wínníwínní, àti àmì dúdú tótòtó bí ẹni pé yíǹkì kán sí aṣọ. Àmì dúdú yìí ni ìgbẹ́ ìdun, òun ni ó sì sábà máa ń tú u fó.

Bí àlejò bá rí i ńkọ́? Ìwà àwọn ènìyàn pín sí ọ̀nà méjì níbi yìí, èkíní kò dára, èkejì kò sì sàn jù ú lọ. Àwọn kan a dákẹ́, wọn a sùn sí orí àga di òwúrọ̀, wọn a sì lọ láìsọ ohunkóhun, nítorí pé ojú ń tì wọ́n tàbí nítorí pé wọn kò fẹ́ wàhálà. Àwọn mìíràn a ké tòò, wọn a sì bú ọmọ tí ń tọ́jú yàrá bí ẹni pé òun ni ó bí ìdun. Ẹni tí ó dákẹ́ ti fi ẹni tí yóò sùn níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì sínú ewu. Ẹni tí ó bú ọmọ iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé kí ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nígbà mìíràn. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí àlejò pe olùtọ́jú ilé náà sí apá kan, kí ó fi ohun tí ó rí hàn án pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ó sì béèrè fún yàrá mìíràn tí kò fi ògiri kan pẹ̀lú èyí tí ó kọ́kọ́ gbà. Kí ó tún wo ìyẹn náà bí ó ti wo ti àkọ́kọ́. Olùtọ́jú tí ó ní làákàyè yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ti yàrá náà, yóò sì ṣe ìtọ́jú rẹ̀ àti ti àwọn yàrá tí ó yí i ká, nítorí pé ìdun ń gba inú ihò ara ògiri kọjá láti yàrá sí yàrá.

Nígbà tí arìnrìn-àjò bá padà dé ilé, iṣẹ́ kù. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé aṣọ tí ènìyàn ti wọ̀ dọ̀tí, tí ó sì ní òórùn ara, ń fa ìdun mọ́ra ju aṣọ mímọ́ lọ. Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò máa di aṣọ ìdọ̀tí sínú ọ̀rá, kí ó sì so ẹnu rẹ̀ pinpin. Bí ó bá délé, ìta gbangba ni kí ó ti tú àpò rẹ̀, kì í ṣe orí ibùsùn. Kí ó fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ó bá lè gbà á. Omi tí gbígbóná rẹ̀ tó ìwọ̀n 60 ti Celsius ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí a fi rọra lọ ojú ìránṣọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Oòrùn nìkan kò tó. Bí a bá sá fóòmù sí oòrùn, apá tí oòrùn ń pa yóò gbóná, ìdun yóò sì sá lọ sí apá kejì tí ó tutù.

Bí ìdun bá ti wọlé tán, ọgbọ́n àwọn ìyá àgbà kò tíì di asán. Wọ́n máa ń tú àkéte sí wẹ́wẹ́, wọn a gbé e síta, wọn a sì da omi híhó sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni pé ẹyin tí omi kò dé yóò pa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí a sì tún un ṣe títí a kò fi ní rí àmì kankan mọ́. Kí a fi sìmẹ́ǹtì dí ara ògiri tí ó là, nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì, fóòmù tàbí àga tòkunbọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó tó gbé e wọlé. Irú ọgbọ́n àgbà bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Ní Bulgaria àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká, wọ́n máa ń da ewé ẹ̀wà sí ilẹ̀ yàrá ní alẹ́; irun wínníwínní tí ó wà lára ewé náà a gún ẹsẹ̀ ìdun, ìdun a há síbẹ̀, wọn a sì sun ewé náà ní òwúrọ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde lórí bí irun ewé náà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó burú ju ìdun lọ, òun náà ni oògùn tí àwọn aláìnísùúrù fi ń lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra oògùn olóró inú ìgò, irú èyí tí a ń pè ní dichlorvos, tàbí ọta-piapia tí a ń tà káàkiri ọjà. Wọn a dà á sí orí fóòmù, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a sì padà wá sùn lé e lórí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Oògùn oko àti oògùn àká ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ fún, kì í ṣe ti ibi tí ọmọ ènìyàn ń gbé orí lé. Ó ń gba ara àti èémí wọlé, ó ń fa èébì, ojú ríri bàìbàì àti àìlèmí dáadáa, ó sì lè pa ènìyàn. Ewu yìí wà lára ìdí tí Àjọ NAFDAC fi fi òfin de títa ìgò kékeré dichlorvos ní ọjà gbangba ní ọdún 2019. Àwọn mìíràn sì ń da epo òyìnbó sí ara àkéte, wọ́n gbàgbé pé àbẹ́là kan tó láti sọ yàrá bẹ́ẹ̀ di eérú. Ìdun kì í pa ènìyàn. Kí ènìyàn má fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú wá sílé nítorí kòkòrò tí omi gbígbóná lè pa. Bí ìdun bá ti pọ̀ ju agbára onílé lọ, kí ó pe àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ pípa kòkòrò, tàbí kí ó bi àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ léèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ìwé gidigidi. Ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dà bí ilé ìtura tí àlejò rẹ̀ kì í yí padà fún oṣù mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àpótí ń wọlé láti ilé oríṣiríṣi. Ní ìparí sáà, àpótí náà ń padà sí ilé oríṣiríṣi. Bí a bá rí ìdun ní ibùsùn ọmọ kan, ibùsùn gbogbo ọmọ tí ó wà ní yàrá náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà, kí a má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ ilé tí ìdun ti wá. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ rí i tí ó sì kọ́kọ́ sọ, ó yẹ kí a yìn ín ni, kí a má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹni tí ó sọ òtítọ́ bá di ẹni ẹ̀sín, ẹlòmíràn kò ní í sọ mọ́, ìtìjú yóò sì di ibùba tí ó jin fún ìdun ju ihò ara ògiri lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó nira ju ti ilé ìtura lọ. Ní ilé ìtura, àlejò ti san owó, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti ká aṣọ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ńkọ́? Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí a bá gbà lálejò kì í yẹ ibùsùn tí a tẹ́ fún un wò bí ẹni ń wá ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé àwọn kò ní í sùn ní ilé ìbátan mọ́. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání. Ìdun lè ba oorun òru kan jẹ́, ṣùgbọ́n ìbátan tí a kọ̀ sílẹ̀ lè ṣòro láti tún ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún. Onílé ni kí ó gba iṣẹ́ náà ṣe: kí ó yẹ ibùsùn àlejò wò kí àlejò tó dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbálẹ̀ tí ó sì ń pọn omi dè é. Àlejò ní tirẹ̀, kí ó gbé àpò rẹ̀ jìnnà sí ibùsùn. Bí ó bá rí ohun kan, kí ó sọ fún onílé nìkan ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì bá a gbé àkéte síta ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọn omi híhó ti fi hàn pé òun kò kẹ́gàn rẹ̀.

Kí àlejò máa ṣọ́ra, kí ó má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù di àìsàn sí i lára. Ẹni tí ó ti wo ibùsùn rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, kí ó pa iná, kí ó sì sùn. Kò yẹ kí ó máa jí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti wá ohun tí kò sí. Ẹni tí ó sì rí i, kí ó sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Bí àlejò bá ń dákẹ́, tí onílé ìtura ń bò ó mọ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ìdun kò ní í tán láàárín àwọn ènìyàn, họ́họ́ kò sì ní í tán ní ara wọn. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá ń wo ibùsùn tirẹ̀, tí ó sì ń sọ ohun tí ó rí láìbú ẹnikẹ́ni, ọmọ oníṣòwò Ìjagba yóò padà sí ilé ìwé rẹ̀ láìsí ìtìjú, yóò sì sùn.